Kíbọ́ọ̀dù Ìlú Kan Yàtọ̀ sí ti Òmíràn: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹni Tí Ń Kọ Yorùbá Mọ̀

Báyìí ni à ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ pé àṣà ìlú kan kì í ṣe àṣà ìlú gbogbo. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ìyẹn pátákó bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ̀wé, wà lára àwọn ohun tí òwe náà bá mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí jákèjádò ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn òbí pé kí oníkálukú mú ẹgbẹ̀rún méjì náírà wá fún àtúnṣe òrùlé. Akọ̀wé wa máa ń fi àmì # dípò àmì náírà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ní Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni ó lò lọ́jọ́ náà. A ti pín lẹ́tà náà tán kí ojú wa tó là. £2,000 ni ó wà nínú rẹ̀! Ní ọjọ́ kejì, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sí ọ́fíìsì wa, ó na ìwé náà sí mi, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ṣé òrùlé wúrà ni ẹ fẹ́ kàn ni?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a tún gbogbo lẹ́tà náà tẹ̀, owó bébà sì gbé.

Akọ̀wé wa kò ṣi bọ́tìnnì tẹ̀. Ibi tí # wà lórí kọ̀ǹpútà wa àtijọ́ gan-an ni ó tẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ló yí padà. Ohun tí ó fà á ni a fẹ́ ṣàlàyé.

ÀROKÒ NI BỌ́TÌNNÌ Ń PA

Ní ayé àtijọ́, kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa máa ń pa àrokò ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà sí òun, nítorí a gbọ́ “fà” nínú “mẹ́fà”. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ẹyọ owó fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó gbà á ló túmọ̀ rẹ̀. Bí àrokò yẹn bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹyọ owó mẹ́fà lásán ni yóò rí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan, kíbọ́ọ̀dù kò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tí ó ń sọ ipò bọ́tìnnì náà ni ó ń fi ránṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ètò kan wà tí ó ń túmọ̀ nọ́ńbà náà sí lẹ́tà. Bí ètò náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, Shift àti 3 yóò di #. Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́tìnnì kan náà yóò di £.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni kí á máa yà sọ́tọ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù:

1. Ara kíbọ́ọ̀dù: iye bọ́tìnnì, bí wọ́n ti tóbi tó, ibi tí wọ́n wà, àti ohun tí a tẹ̀ sí ojú wọn.
2. Ètò lẹ́tà: ìtumọ̀ tí kọ̀ǹpútà fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan.

Ara kíbọ́ọ̀dù kò ṣeé yí padà àfi kí a ra òmíràn. Ètò lẹ́tà ṣeé yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan, láìná kọ́bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò wúlò fún wa ní ìkẹyìn.

IBI TÍ QWERTY TI WÁ

Bí ẹ bá wo ìlà lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí kíbọ́ọ̀dù tí ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ẹ óò rí Q, W, E, R, T, Y. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ QWERTY. Christopher Latham Sholes, ará Milwaukee ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí táípúráítà wọn ní ọdún 1868. Ilé iṣẹ́ Remington, tí ó ń ṣe ìbọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 1874. Lẹ́tà ńlá nìkan ni táípúráítà àkọ́kọ́ yẹn lè tẹ̀. Ní ọdún 1878 ni Remington gbé ẹ̀rọ kejì jáde, tí ó ní bọ́tìnnì Shift, tí lẹ́tà ńlá àti kékeré fi lè wà lórí bọ́tìnnì kan náà.

Àwọn kan ní wọ́n to lẹ́tà náà bẹ́ẹ̀ kí apá irin inú ẹ̀rọ má baà máa kọ lu ara wọn. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. August Dvorak gba ìwé àṣẹ lórí ètò mìíràn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936, ó ní tòun yá jù, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ènìyàn ti mọ́ QWERTY.

BÍ ARA KÍBỌ́Ọ̀DÙ ṢE YÀTỌ̀

Ẹ wo bọ́tìnnì Enter. Lórí kíbọ́ọ̀dù irú ti Amẹ́ríkà, ó gùn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì pẹlẹbẹ, ìlà kan ṣoṣo ni ó gbà. Lórí irú ti Yúróòpù, ó ga, ó gba ìlà méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo Shift ti ọwọ́ òsì. Lórí ti Amẹ́ríkà, ó gùn, lẹ́tà Z sì tẹ̀ lé e tààrà. Lórí ti Yúróòpù, Shift náà kúrú, bọ́tìnnì kan sì wà láàárín òun àti lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí bọ́tìnnì yẹn ni kíbọ́ọ̀dù ńlá ti Amẹ́ríkà ṣe ní bọ́tìnnì 104, tí ti Yúróòpù sì ní 105.

Ti Japan tún yàtọ̀. Spacebar tiwọn kúrú, nítorí wọ́n fi àwọn bọ́tìnnì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa fi yí láti ọ̀nà ìkọ̀wé kan sí òmíràn. Ẹ rí i pé èdè tí àwọn ènìyàn ń kọ lè yí ara irin padà.

LÁTI ÌLÚ DÉ ÌLÚ

Amẹ́ríkà: Shift àti 2 jẹ́ @. Shift àti 3 jẹ́ #. Irú èyí ló pọ̀ jù lórí àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tí à ń rà ní Nàìjíríà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Shift àti 2 jẹ́ àmì àyọlò ("). Shift àti 3 jẹ́ £. Àmì @ wà ní apá ọ̀tún, nítòsí Enter, # sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wa ń ti ibẹ̀ wá. Bí ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ yín bá ní @ nínú, tí kọ̀ǹpútà sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò tọ̀nà, ẹ má tíì bínú. Ó lè jẹ́ pé àmì mìíràn ni ẹ ń tẹ̀, tí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tí ó bo ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ojú ti lè rí i, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì pa á rẹ́.

Ilẹ̀ Faransé: A, Z, E, R, T, Y ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà AZERTY ni orúkọ tiwọn. A àti Q pààrọ̀ ipò, Z àti W náà pààrọ̀ ipò, M sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ L. Èyí tí ó máa ń ya ará Nàìjíríà lẹ́nu jù ni pé ẹ gbọ́dọ̀ di Shift mú kí ẹ tó lè tẹ nọ́ńbà ní ìlà òkè. Bí ẹ kò bá dì í mú, é, è, ç àti à ni ẹ óò rí lára àwọn ohun tí yóò jáde. Ní ọdún 2019, àjọ AFNOR tí ó ń ṣètò òṣùwọ̀n ní ilẹ̀ Faransé gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde fún kíbọ́ọ̀dù, kí ó lè rọrùn láti tẹ àwọn lẹ́tà bíi É ńlá.

Jámánì: QWERTZ ni tiwọn. Wọ́n gbé Z sí ipò Y nítorí Z pọ̀ nínú èdè wọn ju Y lọ. Wọ́n ní bọ́tìnnì fún ä, ö, ü àti ß. Bọ́tìnnì tí a mọ̀ sí Ctrl, Strg ni wọ́n kọ sí i lójú.

Bràsíl: QWERTY ni, ṣùgbọ́n Ç ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ L, nítorí èdè Potogí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ ń kọ Xangô fún Ṣàngó, wọ́n ń kọ orixá fún òrìṣà. Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù ló fà á. Àkọtọ́ Potogí ni, tí ó ń fi x dúró fún ìró ṣ wa. Bákan náà ni kíbọ́ọ̀dù èdè Sípéènì, tí wọ́n ń sọ ní Kúbà, ní bọ́tìnnì fún Ñ.

Ẹ kíyè sí i: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí rí i dájú pé lẹ́tà tí èdè òun nílò wà lábẹ́ ìka àwọn ènìyàn òun. Ibo wá ni tiwa?

YORÙBÁ LÓRÍ KÍBỌ́Ọ̀DÙ

Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tí a ń lò ní Nàìjíríà. A kò lo C, Q, V, X àti Z. Bọ́tìnnì márùn-ún ni ìyẹn, tí ó jókòó lásán níwájú ẹni tí ó bá ń kọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ tí a ń lò ní gbogbo ìlà kò ní bọ́tìnnì kankan. Àmì ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ náà kò ní.

Ó ṣe mí lóore láti rántí ohun tí à ń ṣe nígbà táípúráítà. A óò tẹ lẹ́tà gbọọrọ láìsí àmì, lẹ́yìn náà a óò mú bírò, a óò máa to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ sítẹ́ńsù ni, a óò fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ àmì náà sí i jẹ́jẹ́, kí bébà má baà ya. Iṣẹ́ alẹ́ ni. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, a rò pé ìyà ti tán.

Ní ọdún kan, mo gbé ìbéèrè ìdánwò fún kíláàsì mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń bá ènìyàn tẹ̀wé. Mo ti fi àmì sí gbogbo rẹ̀ dáadáa ní ọwọ́ mi. Gbogbo àmì náà ni ó fò. Ìbéèrè kan ní kí wọ́n fi “ọkọ̀” ṣe gbólóhùn. “Oko” ni ó wà lórí bébà. Ọmọ kan kọ̀wé nípa oko bàbá rẹ̀. Ọmọ kan kọ nípa ọkọ àǹtí rẹ̀. Ọmọ kan fi ọkọ́ ro ilẹ̀, òmíràn wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, òmíràn ju òkò lu ọ̀pẹ. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé ọ̀kọ̀ lọ ṣọdẹ. Èwo ni mo fẹ́ fagi lé nínú wọn? Mo fún gbogbo wọn ní máàkì. Ẹ̀bi tèmi ni, nítorí n kò ka ìwé náà kí n tó pín in.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Ìdánwò tí ó ń sọ ọjọ́ ọ̀la ọmọ lè gba ọ̀nà yìí bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí ó bá ń rí èdè rẹ̀ láìsí àmì lójoojúmọ́ yóò gbà pé àmì kò ṣe pàtàkì. Ìlù dùndún tí a já ọsán rẹ̀ ṣì jẹ́ ìlù, ṣùgbọ́n kò lè kì ẹnikẹ́ni mọ́.

ÌYÀTỌ̀ LÁÀÁRÍN NÀÌJÍRÍÀ ÀTI BENIN

Àwọn ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. AZERTY ni ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ àti ní Tógò. Bọ́tìnnì à, è, é àti ù wà lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, nítorí náà wọ́n ti ní díẹ̀ nínú àmì ohùn wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ìṣòro tiwọn wà. Ní ọdún 1975, ìjọba Benin ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè ilẹ̀ náà. Nínú rẹ̀, ɛ dúró fún ẹ, ɔ dúró fún ọ, sh sì dúró fún ṣ. Ọ̀rọ̀ tí à ń kọ ní “ọkọ̀” ní Ìbàdàn, “ɔkɔ̀” ni ọmọ tí ó kọ́ ọ ní Kétu yóò kọ. Èdè kan, àkọtọ́ méjì, kíbọ́ọ̀dù méjì. Bí àwọn olùkọ́ ìhà méjèèjì bá fẹ́ kọ̀wé sí ara wọn, ó yẹ kí oníkálukú mọ̀ ọ̀nà èkejì.

OHUN TÍ UNICODE ṢE FÚN WA

Kí Unicode tó gbilẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fọ́ǹtì tirẹ̀. Ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì yóò yọ àmì kan tí kò wúlò fún un kúrò, yóò sì ya ẹ sí ipò rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, wúruwùru ni yóò rí. Àrokò ti bọ́ sí ọwọ́ àjèjì nìyẹn.

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí gbogbo kọ̀ǹpútà mọ̀. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti kọ́kọ́ tẹ ẹ tàbí ọ, kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí àmì fi máa ń fò sí ẹ̀gbẹ́ nínú fọ́ǹtì tí kò dára.

Bí ẹ bá ń lo Microsoft Word lórí Windows, ẹ lè tẹ nọ́ńbà wọ̀nyí, kí ẹ di Alt mú, kí ẹ sì tẹ X:

1EB9 = ẹ; 1EB8 = Ẹ
1ECD = ọ; 1ECC = Ọ
1E63 = ṣ; 1E62 = Ṣ
0301 = àmì ohùn òkè lórí lẹ́tà tí ó ṣáájú
0300 = àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí lẹ́tà tí ó ṣáájú
20A6 = ₦

Fún àpẹẹrẹ, láti kọ ẹ́, ẹ tẹ 1EB9, Alt àti X; lẹ́yìn náà, ẹ tẹ 0301, Alt àti X. Bí lẹ́tà tí ó ṣáájú nọ́ńbà bá jẹ́ a, b, d, e tàbí f, Word lè kà á mọ́ nọ́ńbà náà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sí àárín kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ẹ, ọ tàbí ṣ, kí ẹ sì pa àyè náà rẹ́ lẹ́yìn náà.

ÈYÍ TÍ Ó RỌRÙN JÙ

Ọ̀nà nọ́ńbà dára fún ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ojú ewé mẹ́wàá, ètò lẹ́tà Yorùbá ni kí ó fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ rántí ohun tí a sọ níbẹ̀rẹ̀: ara kíbọ́ọ̀dù lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti Faransé, ètò inú rẹ̀ ṣì lè jẹ́ ti Yorùbá.

Windows ní Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Language sí nínú Settings, kí ẹ fi Yorùbá kún un. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá di bọ́tìnnì Windows mú tí ẹ sì tẹ Spacebar, ẹ óò lè máa yí láti èdè kan sí èkejì. Lórí fóònù tí ó ń lo Gboard, ẹ lè fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá náà ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Alt-I ní Ìbàdàn, tí Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀, ṣe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Àwọn YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, náà ṣe tiwọn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ètò wọ̀nyí máa ń gbà. Àwọn kan fi lẹ́tà wa sí orí bọ́tìnnì tí a kò lò, bíi Q àti X. Ó yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò ní láti yí padà bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ bíi Victoria tàbí Crowther. Àwọn mìíràn fi gbogbo lẹ́tà sílẹ̀ sí àyè wọn, wọ́n ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì àmì pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Kò yá tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò da ọwọ́ rú. Èyí tí ẹ bá yàn, kí ẹ dúró tì í. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, ètò kan náà ni kí ó wà nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni ó kù: ẹ má ṣe máa fa ìlà sí abẹ́ àkọlé Yorùbá. Ìlà náà yóò bo àmì abẹ́ lẹ́tà, ọ̀kọ̀ yóò sì di òkò lójú ẹni tí ń kà á.

IṢẸ́ ṢÍṢE FÚN Ẹ̀YIN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Wo kíbọ́ọ̀dù tí ó sún mọ́ ọ jù. Báwo ni Enter rẹ̀ ṣe rí? Kí ni ó wà láàárín Shift òsì àti lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e? Irú ti ibo ni?
2. Tẹ Shift àti 2, lẹ́yìn náà Shift àti 3. Ṣé ohun tí ó jáde bá ohun tí a kọ sójú bọ́tìnnì mu? Bí kò bá bá a mu, kí ló fà á?
3. Tẹ orúkọ rẹ, ti bàbá rẹ àti ti ìyá rẹ pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Fi han àwọn òbí rẹ, kí wọ́n bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin òbí, ìdáhùn ìbéèrè kẹta wà lọ́wọ́ yín. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ilé kí á tó sọ ọ́, kò yẹ kí bọ́tìnnì tí kò sí mú wa ṣi orúkọ náà kọ.